Ìpọ́nbẹ kékeré inú àpò: Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó láì ba ọ̀bẹ jẹ́?

Ní Abobo, ọ̀kan lára àwọn agbègbè 10 tó para pọ̀ di ìlú Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ojú ọ̀bẹ ni oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà.

Alápatà ń fi ọ̀bẹ gé ẹran, ẹlẹ́ja ń fi í ha ìpẹ́, obìnrin tó ń ṣe attiéké sì gbọ́dọ̀ fi í bó ẹ̀gẹ́ kó tó fọ̀ ọ́, kó tó rin ín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ìmọ̀ ṣíṣe attiéké kún àkójọ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ìran dé ìran. Àti onílé àti àlejò ni ọ̀bẹ tó kú ń dá iṣẹ́ dúró fún.

Kí ló dé tí ọ̀bẹ tó kú fi léwu?

Ọ̀bẹ tó mú kì í béèrè agbára púpọ̀. Èyí tó kú ni ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gé nǹkan. Bó bá yọ̀ lórí èèpo ẹ̀gẹ́, agbára tí ọwọ́ fi sí i náà ni yóò gbé e lọ sára ìka.

Báwo ni ìpọ́nbẹ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ní ihò tóóró méjì tó rí bíi lẹ́tà V. Tungsten carbide, tó le ju irin ọ̀bẹ lọ, ló wà nínú ihò àkọ́kọ́. Òun ló ń ha irin kúrò. Ohun líle tí wọ́n ń pè ní ceramic ló wà nínú èkejì. Òun ló ń mú ojú ọ̀bẹ dán.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìdagun ojú ọ̀bẹ ti wà nínú ihò náà, ó sábà máa ń tó nǹkan bíi 20 díígírì ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Lórí òkúta ìpọ́nbẹ, ọwọ́ ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ ló gbọ́dọ̀ mọ ìdagun yìí.

Ìgbésẹ̀ tó yẹ

• Kí wọ́n kọ́kọ́ fọ ọ̀bẹ, kí wọ́n sì nù ún gbẹ.

• Kí ìpọ́nbẹ dúró lórí tábìlì tí kò mì, kí ìka tó dì í mú má sì sí ní ọ̀nà tí ọ̀bẹ ń gbà kọjá.

• Kí wọ́n fi ìdí ojú ọ̀bẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkù, sínú ihò àkọ́kọ́, kí wọ́n rọra fà á títí dé ṣóńṣó rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún. Wọn kò gbọ́dọ̀ máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń rẹ́ ayùn.

• Kí wọ́n ṣe bákan náà nínú ihò kejì, ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún sí mẹ́wàá, láì tẹ̀ ẹ́ rárá.

• Kí wọ́n tún ọ̀bẹ fọ̀, kí èérún irin má baà bọ́ sínú oúnjẹ.

Tòmátì tàbí bébà ni kí wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe àtàǹpàkò.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ìgbàkúùgbà tí ọ̀bẹ bá gba ihò àkọ́kọ́ kọjá ni irin ń dín lára rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀bẹ kò bá tíì kú tán, ihò kejì nìkan ti tó.

Ihò yìí kò wà fún àlùmọ́gàjí, ọ̀bẹ búrẹ́dì eléyín, tàbí ọ̀bẹ tí wọ́n pọ́n ní ìhà kan ṣoṣo. Fáìlì ló yẹ àdá, nítorí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn kó lè gba igi. Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ti kán di ti ẹni tó ń fi ọ̀bẹ pípọ́n ṣe iṣẹ́.

Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn, kí wọ́n fi omi tó mọ́ ṣan ojú ọgbẹ́, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Bó bá jìn, ilé ìwòsàn ló kàn, kí wọ́n sì béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ipá.

Yorùbá ní bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kí ẹni tó bá pọ́n ojú ọ̀bẹ tán yẹ èèkù rẹ̀ náà wò: ọ̀bẹ mímú tí èèkù rẹ̀ ń mì léwu ju èyí tó kú lọ.