Òkè Mẹ́ta Tí A Fi Ń Wo Ìbàdàn

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ti ìlú ńlá yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó gbé àdúgbò kan fún ọgọ́ta ọdún, tí kò gun òkè wo ìlú náà rí, agboolé rẹ̀ ló mọ̀, kò tíì mọ ìlú. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, mo fẹ́ kí á jọ gun ibi gíga mẹ́ta ní Ìbàdàn lónìí: Òkè Ààre, Òkè Màpó, àti ilé gogoro Dùgbẹ̀ tí àwọn ènìyàn sọ ní Àwòṣífìlà. Ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe òkè, ọwọ́ ènìyàn ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lókè rẹ̀ ń wo ìlú bí ẹni tó wà lórí òkè ni. N kò pè yín fún ìran wíwò lásán. Ìbéèrè kan ni kí á máa bi ara wa bí a ti ń gòkè: ta ló ni ibi gíga yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ta ni ó sì gbé e dúró?

Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ní àfonífojì rẹ̀, ilẹ̀ fi nǹkan bí mítà 150 ga ju òkun lọ. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀wọ́ òkè tó la àárín ìlú kọjá láti àríwá lọ sí gúúsù, ó tó mítà 275. Kì í ṣe ẹwà òkè ló kó àwọn baba wa débẹ̀. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé nígbà tí ogun tú ìlú tí Lágelú tẹ̀ dó, orí òkè ni àwọn tó ṣẹ́kù sá lọ, tí wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín kí ebi má baà pa wọ́n. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ Òwu, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá wá fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá sì kúrò láàrin wọn ní 1830, abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn náà forí lé. Ní ayé ogun, ẹni tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ rí eruku ẹsẹ̀ ọ̀tá. Òkè ni odi, òkè ni olùṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Òkè Ààre. Ààre tí a fi orúkọ rẹ̀ pe òkè yìí ni Ààre Ọ̀nà Kakaǹfò Mọmọdù Látòósà, Mùsùlùmí, olórí Ìbàdàn nígbà tí ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ibùdó ogun ló kú sí ní 1885. A kò gbọdọ̀ fi òótọ́ pamọ́ nínú ìtàn: ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó dá ogun náà sílẹ̀ ni ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn ń rán lọ jókòó lé àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lórí. Ogun náà kò tú ká tán títí di 1893. Ní ọdún yẹn gan-an ni Ìbàdàn bá ìjọba òyìnbó Èkó ṣe ìwé àdéhùn, tí Captain Robert Lister Bower sì di ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Ìlú tó ń rán ajẹ́lẹ̀ síta wá di ìlú tí a rán ajẹ́lẹ̀ sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Bower yìí kan náà ló kó ọmọ ogun lọ sí Ọ̀yọ́, tó sì fi ìbọn ńlá yin ìlú Aláàfin. Ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1897. Ní 1936, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ gogoro kan fún ìrántí rẹ̀. Ibo ni wọ́n kọ́ ọ sí? Orí òkè Ààre Látòósà.

Àwọn ará Ìbàdàn kò wó ilé ìṣọ́ náà, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Wọ́n kàn sọ ọ́ ní Láyípo, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Bí ẹ bá béèrè ọ̀nà ilé ìṣọ́ Bower lọ́wọ́ ìyá aláta kan lágbègbè Yemẹ́tù, ó lè máa wò yín lójú. Ẹ ní Láyípo, yóò na ọwọ́ sí i kíákíá.

Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60 ni gíga Láyípo, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì jẹ́ 47. Nígbà tí mo bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú wa lọ síbẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má sáré gun ún, nítorí àtẹ̀gùn náà há, ojú sì ń kọ́ni níbi tó ti ń yí. Bí ẹ bá dókè, Màpó wà ní gúúsù, Dùgbẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn, UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1957, wà ní ìhà àríwá. Láàrin wọn ni páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ bí ẹni tẹ́ ẹní, agboolé ń ti agboolé. Ẹ má lọ ní àkókò ọyẹ́, nítorí kùrukùru kò ní jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà jíjìn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò ló dára jù. Atẹ́gùn á ti mọ́, oòrùn á sì wà lẹ́yìn yín bí ẹ bá kọjú sí Dùgbẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ wálẹ̀ kí ó tó dé Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni odò Ògùnpa ń gbà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi náà kún, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ṣọṣẹ́ kárí ìlú. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè máa rò pé òjò nìkan ló ṣe é. Ẹni tó bá wò ó láti òkè yóò rí i pé ilé ló fún odò mọ́.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọjá sí Màpó. Gbọ̀ngàn ńlá orí òkè náà, ọdún 1925 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Robert Jones, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Taffy Jones, ni ẹnjiníà rẹ̀. Òun náà ló yàwòrán Láyípo. Captain W. A. Ross, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fún ẹkùn Ọ̀yọ́, ló ṣí i ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1929. Orúkọ òyìnbó méjèèjì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló fi orí ru òkúta gun òkè.

Ìyàtọ̀ kan wà láàrin Màpó àti Láyípo. Ní Láyípo, ẹ̀yin lẹ̀ ń wo ìlú. Ní Màpó, ìlú ló ń wò yín. Àwọn òpó funfun ńláńlá yẹn, a gbé wọn síbẹ̀ kí ẹni tó wà ní Ọjàa'ba lè gbójú sókè rí ìjọba ni. Lónìí, ibẹ̀ ni a ti ń fi Olúbàdàn jẹ, bí a ti ṣe ní 2022 àti 2024.

Bí ẹ bá dúró ní iwájú Màpó tí ẹ kọjú sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, ẹ óò rí ibi gíga wa kẹta. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Àjà 26 ló ní, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105, kò sì sí ilé tó ga tó o ní Nàìjíríà nígbà náà. Ẹni tó bá gbójú sókè wò ó, fìlà á ṣí lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Àwòṣífìlà. Iná jó o ní 1985, wọn kò sì tún un ṣí títí di 1992.

Cocoa House ni orúkọ tí ìjọba sọ ọ́, orúkọ náà kò sì purọ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó kéré sí èyí tí wọ́n ń tà á lókè òkun, èyí tó ṣẹ́kù sì di owó ìjọba. Nínú rẹ̀ ni ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ti jáde, nínú rẹ̀ náà ni ilé yìí ti jáde. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ tí owó-orí ti wọ̀ lọ́rùn rọ́ wá láti oko, wọ́n gun òkè Màpó lọ fi ẹ̀hónú hàn. Ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Èyí ni ìjà Àgbẹ́kọ̀yà. Láti orí òkè tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ náà, ilé tí òógùn wọn kọ́ ń wò wọ́n lójú. Ní 1969, lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀, ìjọba dín owó-orí náà kù sí £2.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kí àlejò kọ́kọ́ gùn, Láyípo ni n ó sọ. Cocoa House ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni, ẹni tí kò bá gba àṣẹ kò lè dé òkè rẹ̀. Láti Láyípo, a rí méjì yòókù, a sì rí àfonífojì tó wà láàrin wọn. Kí olùkọ́ tó bá kó ọmọ lọ síbẹ̀ má ṣe ka orúkọ Bower nìkan fún wọn kí ó sì wálẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ sọ ti Látòósà tó ni òkè, àti rere àti búburú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó na ọwọ́ sí Màpó, kí ó sọ ti àwọn tó ru òkúta. Kí ó na ọwọ́ sí Dùgbẹ̀, kí ó sọ ti àgbẹ̀ tó pa kòkó. Àwọn wọ̀nyí ni kò sí ẹni tó kọ́ ilé ìṣọ́ fún.