Orúkọ Tí Wọ́n Fún Ìgbà Wọn

Bí a bá bi àgbàlagbà kan léèrè ní agbègbè Odígbó pé ọdún wo ni wọ́n bí i, ó lè má dárúkọ ọdún kankan. Ó lè ní, "Mo ti gbọ́njú kí ìjà Ọ̀rẹ̀ tó dé." Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi irú èsì bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ìtàn gidi ni.

Ọmọ Àgọ́ Aláyè ni mí. Ọ̀rẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfrà sọdá odò Ọya, wọ́n gba Bìní, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà, 1967 sí 1970, ni ìwé ń pè é. Ṣùgbọ́n ohun tó dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará ibí ni wọ́n fún lórúkọ. Ó sì di àsọgbà nílẹ̀ Yorùbá: "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣáájú wọn ṣe. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lé lórí ní 1886, ní Kírìjì. Ti 1939 sí 1945 di ogun Hítílà. Àwọn Òyìnbó pàápàá, Ogun Ńlá ni wọ́n ń pe ti 1914; ta ni ìbá mọ̀ pé èkejì ń bọ̀?

Ìyá mi àgbà kò ní ìwé ìbí. Nígbà tí a fẹ́ kọ ọjọ́ orí wọn sí fọ́ọ̀mù, wọ́n ní àwọn ti tó pọn àbúrò wọn sá wọ igbó nígbà ìjà Ọ̀rẹ̀. A ṣírò rẹ̀, a kọ 1959.

Ọdún ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Orúkọ ń sọ bó ṣe rí lára ẹni tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìjà Ọ̀rẹ̀ nìkan lè gbàgbé pé lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́ níbí, ebi ṣì ń pa àwọn ọmọdé ní ìlà-oòrùn títí di 1970. A nílò méjèèjì.

Àwa náà ti ń sọ pé "ìgbà Kòrónà". Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà ilé wa ní orúkọ ìgbà tiwọn, kí a sì kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó lọ.