Ọtí Tí Ó Di Rọ́bà

Ní nǹkan bí ọdún 1895, ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ Yorùbá wọ igbó lọ láti gba oje igi irẹ́ tà fún àwọn oníṣòwò Èkó. Owó ńlá ni ó mú wọlé, ṣùgbọ́n ìkánjú pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n dá ọgbẹ́ sí igi lára títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kú, òwò náà sì rọ. Ẹni tí ó ní igi ni rọ́bà ń bá ṣe nígbà náà. Ẹni tí kò ní, àfi kí ó wá ọgbọ́n dá.

Rọ́ṣíà kò ní. Òtútù ibẹ̀ kò jẹ́ kí igi rọ́bà hù. Ní ọdún 1926 ni ìjọba Sófíẹ́tì kéde ìdíje kan: kí ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ṣe rọ́bà láìsí igi mú kílò méjì rẹ̀ wá, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1928. Sergei Lebedev, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Leningrad, àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n mú tiwọn dé. Ọtí líle ni wọ́n fi ṣe é, irú ọtí tí a lè pọn láti ara ọkà àti ọ̀dùnkún.

Báwo ni ọtí ṣe ń di rọ́bà? Wọn a sọ ọtí di oruku gbígbóná, wọn a sì darí rẹ̀ gba orí lẹ́búlẹ́bú líle kan. Lẹ́búlẹ́bú yìí dà bí alárenà: òun ni í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, ṣùgbọ́n kì í bá wọn gbélé. Ọtí a sọ omi rẹ̀ nù, a sì di afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní bútádáyìn. Sódíọ̀mù ni Lebedev fi sọ afẹ́fẹ́ náà di rọ́bà. Vladimir Ipatieff ti rí bútádáyìn láti ara ọtí ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó rí kò tó nǹkan. Alárenà náà pàápàá a máa rẹ̀: èédú a bò ó lára, wọn a sì ní láti jó o kúrò kí ó tó lè ṣiṣẹ́ padà.

Ní ọdún 1932, ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Yaroslavl. Ọdún náà kò ṣeé gbàgbé fún ohun mìíràn: ìyàn mú ní Ukraine, ní Kazakhstan àti lẹ́bàá odò Volga, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn sì kú ní ọdún 1932 àti 1933. Rọ́bà kọ́ ni ó fa ìyàn náà, ìlànà ìjọba ni. Síbẹ̀, ohun tí ẹnu ìbá jẹ ni ẹ̀rọ ń mu, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣeé fi ìyìn fún Lebedev bò mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1934.

Nígbà tí Jàpáàní gba Màláyà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, ìṣòro Rọ́ṣíà di ti Amẹ́ríkà. Àwọn aṣòfin láti ìpínlẹ̀ àgbẹ̀, Sẹ́nétọ̀ Guy Gillette ti Iowa láàárín wọn, fárí gá pé àwọn elépo rọ̀bì nìkan ni ìjọba ń fojú rere wò nígbà tí ọkà kún àká. Ìgbìmọ̀ tí Bernard Baruch darí fara mọ́ ọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà pé kí a lo ọtí ọkà sí i. Ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Institute, ní West Virginia, ní ọdún 1943; bàbà ni lẹ́búlẹ́bú àkọ́kọ́ níbẹ̀, tántálọ̀mù lórí sílíkà sì ni ìkejì. Ọtí ni ó pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú bútádáyìn Amẹ́ríkà ní ọdún náà.

Lẹ́yìn ogun, epo rọ̀bì rọjú ju ọkà lọ, wọ́n sì ti àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́tí náà pa. Ọ̀nà náà kò kú. Ní ọdún 2024, Michelin àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ ṣí ilé ẹ̀rọ ìdánwò kan ní Bassens, lẹ́bàá Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, láti tún fi lẹ́búlẹ́bú líle sọ ọtí tí a rí láti ara ohun ọ̀gbìn di bútádáyìn fún táyà.