Àdìrẹ Ẹ̀gbá àti Sítáǹpù Jùbílì Ọdún 1935

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún ti lò lórí ìtẹ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà ta sítáǹpù mẹ́rin fún ayẹyẹ náà: oníkọ́bọ̀ kan ààbọ̀, oníkọ́bọ̀ méjì, onítọ́rọ́ àti oníṣílè kan. Orí ọba wà nínú wọn, ààfin Windsor náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ 44 tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lo àwòrán kan náà fún. Orúkọ ilẹ̀ àti iye owó ni wọ́n kàn ń pààrọ̀. Ẹ̀gbá tó lẹ ọ̀kan mọ́ lẹ́tà ní Abẹ́òkúta kò rí Olúmọ nínú rẹ̀, kò sì rí ìkòkò aró kankan.

Àwọn aláró kò dúró de ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ya ọba náà àti Olorì Mary sórí aṣọ, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, aṣọ náà sì di ọjà. Jùbílì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ọlọ́ba.

Iṣẹ́ ọwọ́ méjì ló wà nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin ni í gé àwòrán sára páánù. Àwọn obìnrin á tẹ́ páánù náà lé aṣọ funfun, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún kùn ún, kí aró má baà wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Abẹ́òkúta ni a mọ̀ mọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ onípáánù yìí, bí a ti mọ Ìbàdàn mọ́ èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ yà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan ìkòkò. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n á gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á ki aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dúdú tó bí oníṣẹ́ ṣe fẹ́. Àwọn aláró àtijọ́ kì í sì í dáwọ́ lé e láìjúbà Ìyá Màpó.

Àwọn ará Kẹ́mta a máa sọ pé agbo ilé Ìyálóde Jójọlọlá ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ohun tó dájú ni pé nígbà tí aṣọ funfun ilé iṣẹ́ Manchester bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́jà, òwò náà gbèrú débi pé àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà ń wá kó o. Àwìn ni ọ̀pọ̀ aláró fi ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé lẹ́yìn ọdún 1929, gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn kan yà sídìí aró òyìnbó àti sódà, nítorí wọ́n yá ju ẹ̀lú lọ.

Ní ọdún 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ka èèwọ̀ lé aró òyìnbó àti sódà, ó ní wọ́n ń ba orúkọ àdìrẹ Ẹ̀gbá jẹ́. Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí aṣọ tó bá ń ṣí kì í jẹ́ kí oníbàárà padà wá. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà ní gbèsè láti san, ewé kò sì lè yá bí òfin ti yá. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Ní tèmi, ẹni tó ń wá ibi tí ìjà àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ta gbòǹgbò, ìjà tó mú Aláké yìí kan náà fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1949, kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí owó orí nìkan. Kó kọ́kọ́ yà sídìí aró.

Jùbílì ńkọ́? Ọba George kú ní oṣù kìíní ọdún 1936, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kò kú. Ẹnì kan á wo páánù ẹlòmíràn gé tirẹ̀, ẹlòmíràn á tún wo tẹni yẹn. Nínú ìwé tí Jane Barbour àti Doig Simmonds kó jọ lórí àdìrẹ ní ọdún 1971, George Jackson tọpa bí àwòrán náà ṣe ń yí padà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó pè é ní ìrẹ̀yìn. Èmi kò gbà. Ojú òyìnbó ni aṣọ náà fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti ń kúrò lójú rẹ̀ ni ó ń di ti wa. Sítáǹpù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ọgọ́rùn-ún ọdún ni kó pé, Windsor kan náà ni.

Ìyàtọ̀ kan tún wà. Orúkọ ẹni tó ya sítáǹpù náà wà nínú ìwé àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ: H. Fleury. Wọ́n mọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì mọ àbùkù tíntìntín tó wà lára àwọn ẹ̀dà kan. Ta ló lè dárúkọ àwọn obìnrin tó fi ẹ̀kọ kun Jùbílì?

Àwọn ará Íńdíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan ṣe sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Phulkari, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn obìnrin Punjab, tí wọ́n ń fi òwú sílíìkì ṣe òdòdó sára aṣọ òwú fún ìyàwó, ti wọ orí sítáǹpù wọn. Pípín tí wọ́n pín Punjab sí méjì ní ọdún 1947 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ náà run. Sítáǹpù nìkan kọ́ ló gbé e dìde, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn tí kò ní dé Punjab láé.

Ní Ìtòkú lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkè òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ tòótọ́, ó sì dínwó jù ú lọ. Bí ilé ìfìwéránṣẹ́ wa bá fẹ́ ya ohun kan fún ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí wọ́n má wulẹ̀ ya aṣọ, nítorí ẹ̀rọ náà lè ya aṣọ. Kí wọ́n ya ọwọ́ aláró títí dé ìgúnpá, bó ti dúdú látinú ìkòkò, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sábẹ́ rẹ̀.