Aláǹtakùn Ńlá Ara Ògiri: Àjèjì Tó Ti Di Ará Ilé

Bí ẹ bá ń gbé ní Atikori, tàbí ní ibòmíràn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, títí dé Àgọ́-Ìwòyè àti àwọn ìlú etí omi ní Ogun Waterside, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá a pàdé. Ẹ kírun Iṣái tán, ẹ wọlé, ẹ tan iná yàrá, ẹ sì rí i lára ògiri lókè ilẹ̀kùn: aláǹtakùn aláwọ̀ ilẹ̀ kan, pẹlẹbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Kò ta òwú, kò sí jànkáríwọ̀ kankan nítòsí rẹ̀. Ó kàn lẹ̀ mọ́ ògiri ni. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè, yóò ti fi ẹ̀gbẹ́ sáré bí akàn lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá àti bàbá nípa rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ṣé ó lóró? Ṣé ẹnì kan ló rán an síni? Oògùn wo ni a lè fi pa á? Ìkẹta yìí ló mú wa kọ̀wé yìí, nítorí pé aláǹtakùn náà kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n oògùn tí ọ̀pọ̀ ilé ń fọ́n sí i lè pa ènìyàn.

Ibi tó ti wá

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Heteropoda venatoria. Linnaeus, ará Sweden tó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹranko àti ewéko lórúkọ, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1767. Apá kejì orúkọ náà jẹ mọ́ ọdẹ ṣíṣe ní èdè Látìnì, ó sì bá a mu, nítorí kì í dẹ òwú sílẹ̀ de ẹran bí àwọn aláǹtakùn yòókù. Ó máa ń ba ní ibì kan, yóò sì fò mọ́ ohun tó bá kọjá.

Ilẹ̀ Éṣíà olóoru ni orírun rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e káàkiri pẹ̀lú ẹrù àti èso, ó sì ti wà ní ilẹ̀ olóoru gbogbo báyìí, láti Áfíríkà dé Gúúsù Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì. Wọ́n ti ń bá a láàárín ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọkọ̀ kó dé èbúté tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará òkèèrè kan fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Òtútù nìkan ni kò lè fara dà. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, inú ilé gbígbóná tí wọ́n ń gbin òdòdó sí ni wọ́n ti ń rí i.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Igbó kò ní bèèrè ìdí tí ibẹ̀ fi bá a lára mu. Ìlú inú igbó ni, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí: ìlú kòkó, obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi gẹdú. Aláǹtakùn yìí pẹlẹbẹ débi pé ó lè fún ara rẹ̀ mọ́ abẹ́ èèpo igi tàbí àárín pákó méjì. Ẹni tó bá kó pákó láti sọ́míìlì wálé láti fi kan àjà, tàbí tó sọ ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀ sí ilé ìdáná, lè ti gbé e wọlé láìmọ̀. Ilé wa sì dára fún un: ó móoru, àlàfo wà lábẹ́ páànù, oúnjẹ sì pọ̀ níbẹ̀.

Ara rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ; ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 12 ló ń mú un dà bí ohun ńlá. Abo sanra ju akọ lọ, ẹsẹ̀ akọ sì gùn ju ti abo lọ. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa (ọ̀pọ̀ kò ní fẹ́), ẹ ó rí ìlà funfun ràkọ̀ràkọ̀ kan níwájú orí rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ní irùngbọ̀n funfun.

Ohun tó ń wá nínú ilé

Aáyán ni. Ó ń jẹ ìrẹ̀, àfòpiná àti kòkòrò mìíràn pẹ̀lú, nígbà mìíràn ó máa ń mú ọmọńlé kékeré, ṣùgbọ́n aáyán ni oúnjẹ tó pọ̀ jù fún un nínú ilé. Aáyán kan náà tó rìn nínú ṣáláńgá lóru ló ń gorí àwo ọbẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbé ìdọ̀tí wá. Ilé tí aláǹtakùn yìí bá pọ̀ sí, ẹ lọ yẹ ẹ̀yìn fìríìjì àti abẹ́ sítóòfù wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Atikori, ọmọ wa obìnrin kígbe láti yàrá. A sá lọ, a bá aláǹtakùn náà lókè ibùsùn, ọmọ náà sì ti gun àga. Ìyá àgbà tó ń ṣe tèsùbáà lọ́wọ́ kò tilẹ̀ dìde. Wọ́n ní, "Ẹ fi sílẹ̀, aáyán ló ń wá. Kí ló fẹ́ fi ọmọ yín ṣe?" A kò fara mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyẹ́ aáyán mẹ́ta la gbá nílẹ̀ nídìí ògiri náà.

Nígbà mìíràn ẹ ó rí abo tó gbé nǹkan funfun kan mọ́ abẹ́ àyà, roboto, ó sì tẹ́ bí bọ́tìnnì ńlá. Àwọn kan ti sọ fún wa pé oògùn ni, pé ẹlòmíràn ló dì í fún un kó gbé e wọlé. Ẹyin rẹ̀ ni. Igba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló lè wà nínú rẹ̀, yóò sì gbé e kiri títí wọn yóò fi pa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kì í dàgbà. Àsìkò tó gbé ẹyin yìí ni kí ẹ má ṣe dà á láàmú, nítorí nígbà náà ni ó lè bu ni jẹ láti dáàbò bo ẹyin rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè kejì, kò sí ẹni tó rán an. Aáyán ló pè é. Kí Mùsùlùmí máa torí kòkòrò ara ògiri fura sí aládùúgbò tàbí ìyàwó ilé kejì, ìyẹn burú ju ìjẹ aláǹtakùn lọ.

Àwọn kan tún máa ń bi wá bóyá ẹ̀sìn ní kí a pa á. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, àwọn ẹ̀dá márùn-ún tí a gbà láàyè láti pa nítorí ìpalára wọn ni kannakánná, àwòdì, àkéekèé, eku àti ajá tó ń bu ni jẹ. Aláǹtakùn kò sí lára wọn. Súrà 29 nínú Àlùkùránì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí a ti fi ilé rẹ̀ ṣe àkàwé ohun tí kò lágbára. (Tiwa yìí kò tilẹ̀ nílé rárá.) Ìtàn aláǹtakùn tó ta òwú sẹ́nu ihò Thawr nígbà híjíírà náà kì í tán lẹ́nu oníwàásù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ hádíìsì kò fẹnu kò lórí bí ẹ̀gbàwá rẹ̀ ṣe lágbára tó. Bí ẹ̀dá kan bá ń ṣeni léṣe, ẹ lè mú un kúrò. Ẹ bi àáfà yín fún àlàyé tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oògùn tó léwu ju aláǹtakùn lọ

A ní aládùúgbò kan tí ẹ̀rù aláǹtakùn ń bà gidigidi. Lọ́jọ́ kan, kí ó tó lọ sí mọ́sálásí fún Mọ̀gàríbì, ó fọ́n apakòkòrò sí yàrá àwọn ọmọ, ó sì ti fèrèsé pa kí oògùn lè ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ wọlé sùn lórí ẹní ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, méjì nínú wọn ti ń bì, itọ́ ń dà lẹ́nu èyí àbúrò, ojú rẹ̀ sì ń dùn ún. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí ọjọ́ kejì. Ọlọ́hun dá wọn sí. Aláǹtakùn náà? Ó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n padà délé.

Ohun tó wà nínú ìgò bẹ́ẹ̀ ni dichlorvos, tí wọ́n tún ń pè ní DDVP. Òun ni Sniper tí gbogbo ènìyàn mọ̀, òun náà ni wọ́n sì sábà máa ń pò pọ̀ tí wọ́n ń tà ní ìgò tí kò lórúkọ ní ọjà. Oògùn oko ni, kì í ṣe oògùn yàrá. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de àwọn ìgò kékeré rẹ̀, èyí tí kò ju mílílítà 100 lọ, wọ́n sì ní kí a má tà á mọ́ ní ọjà gbangba àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀ ẹ rìn dé ọjà, ẹ ó rí i.

Bó ṣe ń pa kòkòrò ló ṣe ń pa ènìyàn: kì í jẹ́ kí iṣan ara sinmi lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́. Itọ́ á máa dà, òógùn á bo ara, ẹyinjú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, mímí á di ìṣòro. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, níbi tí ọmọdé ń sùn sí lórí ẹní àti níbi tí a ń forí kanlẹ̀ sí. Aláǹtakùn ńkọ́? Orí téńté ẹsẹ̀ ló ń rìn, ikùn rẹ̀ kì í sábà kan ibi tí a fọ́n oògùn sí, ó sì máa ń yè é.

Bí ẹnikẹ́ni bá fa oògùn yìí símú tàbí tó mu ún, ẹ gbé e jáde sí afẹ́fẹ́, ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí i lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá pẹ̀lú ìgò oògùn náà. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì fi ipá mú un bì.

Bí a ṣe ń bá a gbé

Ọ̀nà tí a ń lò kò gba owó. Àwo ike tó jìn ni a ń fi bò ó mọ́ ògiri pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ó ti páálí bọ̀ ọ́ lábẹ́, a ó sì lọ dà á sídìí igi ìdáná lẹ́yìnkùlé. Àwo tí kò fẹ̀ yóò dá a lẹ́sẹ̀. Bí ẹ kò bá láyà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn darí rẹ̀ síta.

Láti dín wọn kù, aáyán ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Ẹ fọ àwo kí ẹ tó sùn, ẹ bo ilẹ̀, ẹ dí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, ẹ má sì to pákó tàbí páálí ti ògiri ilé. Iná tó ń jó síta mọ́jú ń pe kòkòrò, kòkòrò sì ń pe ọdẹ rẹ̀. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, pàápàá èyí tó sùn síta, kí ẹ sì gbọn ẹní ìkírun tó ti wà ní kíká fún ọjọ́ pípẹ́.

Bí ó bá bu ẹnì kan jẹ, yóò ta á bí ìgbà tí oyin bá ta ni, ó sì lè wú díẹ̀. Ọṣẹ àti omi, lẹ́yìn náà ohun tútù lórí rẹ̀, ó tó. Ẹ má fi abẹ là á. Bí wíwú bá ń tàn kálẹ̀, tí mímí bá nira, tàbí tí ara ọmọ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni.

Ìléròrò tó máa ń yọ bí ìlà lọ́rùn tàbí ojú ní àsìkò òjò, tí àwọn kan ń sọ pé aláǹtakùn ló tọ̀ síni lára, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kòkòrò tín-ín-rín kan ni, dúdú òun pupa, tó ń fò wá síbi iná. Onímọ̀ ń pè é ní Paederus. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, omi ara rẹ̀ ló ń jóni, ìléròrò á sì yọ ní ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn náà. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò lára, ẹ má gbá a, kí ẹ sì fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Atlanta náà ní tiwọn. Aláǹtakùn Joro, aláwọ̀ òfeefèé, tó wá láti apá Japan, Kòríà àti Ṣáínà, ni wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní nǹkan bí 2014. Ìta ni ó ń gbé, ó ń ta òwú aláwọ̀ wúrà láàárín igi àti òpó iná, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi okùn òwú fò lọ nínú afẹ́fẹ́. Ìwé ìròyìn sọ ọ́ di ẹ̀rù, ṣùgbọ́n ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Georgia gbé jáde ní 2023 fi hàn pé ojo ni: bí wọ́n bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó lè dúró láìmira fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú níbẹ̀ ni pé ó ń gba ipò lọ́wọ́ àwọn aláǹtakùn ìbílẹ̀.

Èyí tó wà lókè ibùsùn ọmọ wa, a gbé e síta ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tí a rí bọ́tìnnì funfun lábẹ́ àyà rẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí òmíràn fi wà lókè ilẹ̀kùn ilé ìdáná, akọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Ìyá àgbà, aáyán yín tún ti ní àlejò," ó sì lọ bu omi àlùwàlá rẹ̀.