Nígbà tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ bá já ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Tí mo bá pe "kẹ̀kẹ́" létí ọ̀dọ́ kan ní Òkìtìpupa lónìí, Napep ló máa wá sí i lọ́kàn. Ẹ má bínú o, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ni mò ń sọ. Básíkù ni. Kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí èèyàn ń fi agbára ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn. Nínú básíkù náà gan-an, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀: ṣéènì. Thread yìí máa gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ náà, "kẹ̀kẹ́", ti wà nílẹ̀ kí básíkù tó dé. Nígbà tí wọ́n tẹ odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò wà nínú rẹ̀, tó ń lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ sétí Òkun Pupa. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1885, ni John Kemp Starley gbé Rover jáde ní ìlú Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: táyà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, pẹ́dà láàárín, ṣéènì tó ń fa táyà ẹ̀yìn.

Ṣáájú ìyẹn, ara táyà iwájú gàgàrà kan ni wọ́n máa ń so pẹ́dà mọ́. Èèyàn á wà lókè bí ẹni tó gun ọ̀pẹ. Tó bá ṣubú, orí ló máa fi balẹ̀. Ṣéènì ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Eyín púpọ̀ wà lára irin iwájú, eyín díẹ̀ wà lára ti ẹ̀yìn, nítorí náà tí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹni tó ṣe irú ṣéènì tí a ṣì ń lò dòní ni Hans Renold, ọmọ Switzerland kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester. 1880 ló gba ẹ̀tọ́ sí i. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó fi irin róbótó kékeré wọ pínì kọ̀ọ̀kan, kí ó máa yí bí eyín bá kàn án, dípò kí wọ́n máa họ ara wọn. Nǹkan kékeré báyìí, àbí? Ẹ ṣì máa rí ohun tó fà.

Ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ní Belfast. Gbogbo òyìnbó wá ń fẹ́ básíkù, rọ́bà sì di wúrà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Igi irẹ́ wà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, oje rẹ̀ sì ń di rọ́bà. Àwọn èèyàn ya wọ inú igbó. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní 5,000,000 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Wọ́n fi àdá ṣá igi yẹn láìsinmi títí igi fi ń kú lórí ìdúró, kò sì pẹ́ tí ọjà náà fi wó lulẹ̀. Èmi máa ń rò ó pé igi wa ti bá básíkù rìn ní London kí ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa tó fojú rí básíkù rárá.

Ìgbà kejì tún wà. Ní December 1941, àwọn sójà Japan wọ Malaya, ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí básíkù. Tí táyà bá jò, wọ́n á já a dànù, wọ́n á máa fi irin lásán sáré lórí títì. Ní 15 February 1942, Singapore bọ́ sí wọn lọ́wọ́, rọ́bà Malaya sì bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ìjọba amúnisìn ṣe? Wọ́n padà sí gúúsù Nàìjíríà, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ tún wọ igbó lọ wá rọ́bà. Básíkù ló gba rọ́bà níbì kan, ẹ̀yìn wa ló fi ru ú níbòmíràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé.

Òkìtìpupa: orúkọ náà ti sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Ilẹ̀ pupa. Tí òjò bá rọ̀, ó máa lẹ̀ mọ́ nǹkan bí àmàlà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, eruku rẹ̀ á di iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná tó ń wọ gbogbo oríkèé ṣéènì, tó sì ń lọ̀ ọ́ bí ẹní ń lọ ata. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi fẹ́ràn Raleigh tó ní páálí irin tó bo ṣéènì pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé fún ẹwà ni, rárá o. Kí ṣéènì má baà tètè jẹ ni, kí ṣòkòtò má sì há sínú rẹ̀.

Níhà ìsàlẹ̀ wa, àwọn Ìlàjẹ ló ni omi. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń rìn, Igbókòdà sì ni ilẹ̀ àti omi ti máa ń pàdé: ẹja láti ọ̀dọ̀ tiwọn, gàrí àti púpurú láti ọ̀dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá jẹ púpurú mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á yan án lórí iná títí ara rẹ̀ á fi dúdú. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó ku kí ó dé ọjà.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń bọ̀ láti Igbótako lórí básíkù tòkunbọ̀ mi. (Owó ọ̀kadà ló sọ mí di ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, mi ò lè máa san án lójoojúmọ́.) Mo gbọ́ "táù!", pẹ́dà sì ń yí lófìfo. Ọlọ́kadà méjì dúró, owó tí wọ́n pè láti gbé èmi àti básíkù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́. Bàbá kan ló ń ti oko bọ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ṣéènì náà, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o ní ìṣó?"

Òun ló wá ìṣó ọ̀hún fúnra rẹ̀, ó fi òkúta lu ẹnu rẹ̀ kí ó má mú mọ́. Ó gbé oríkèé tó bàjẹ́ lé orí òkúta méjì tí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn, ó fi ìṣó ti pínì. Ó kìlọ̀ fún mi gan-an níbẹ̀ pé kí n má ṣe jẹ́ kí pínì yọ tán. Kí etí rẹ̀ ṣì di irin ẹ̀gbẹ́ kan mú. Tó bá jáde pátápátá lẹ́bàá ọ̀nà, ó dàbọ̀ nìyẹn, kò ní wọlé mọ́. Ó yọ oríkèé méjì, tóóró kan àti fífẹ̀ kan, torí fífẹ̀ kò lè so mọ́ fífẹ̀. Ó pa ẹnu ṣéènì pọ̀, ó lu pínì padà, ó wá tẹ ojú ibẹ̀ sọ́tùn-ún sósì títí kò fi le mọ́.

Oríkèé kan jẹ́ ìdajì ínṣì, nítorí náà ṣéènì ti fi ínṣì kan kúrú. Mo fi sípánà mi tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, a tì í síwájú díẹ̀, a dì í padà. Bàbá fi ìka gbé àárín ṣéènì wò. Ó ní kí ó mì díẹ̀, kí ó má le bí okùn ìlù.

Àárín iṣẹ́ yẹn ló ti ń fi Ìkálẹ̀ tó jinlẹ̀ sọ ìtàn fún mi. Ó ní owó àjọ ni òun fi ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́, òun sì ń fi í gbé púpurú lọ Igbókòdà. Ọjọ́ kan, ṣéènì já lóru, kò sí òṣùpá. Òun fi ọwọ́ wá pínì nínú iyẹ̀pẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, òun ò rí i. Nígbà tí òun fi máa ti kẹ̀kẹ́ dé ọjà, àwọn oníbàárà láti ojú omi ti ṣí ọkọ̀ wọn. Oṣù yẹn, òun ò rí àjọ dá. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ ó rántí iye àpò púpurú tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí n fún un lówó, ó kọ̀.

Kí ló gba ipò básíkù? Ẹ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn SAP ti 1986, iṣẹ́ wọ́n, alùpùpù di iṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air pè é. Raleigh fúnra rẹ̀ kò to básíkù ní Nottingham mọ́ láti 2002. Àwọn tó ń tún básíkù ṣe yí sí alùpùpù, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ṣéènì alùpùpù nípọn ju tiwa lọ, kò bá eyín wa mu.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni òfin. Ẹ ṣí Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Láísẹ́ǹsì básíkù ṣì wà níbẹ̀, lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bárò. Àfi bíi pé Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ló jókòó kọ ọ́!

Ìṣó, sípánà àti oríkèé ṣéènì mẹ́rin ló wà nínú báàgì mi báyìí. Tí bàbá tàbí ìyá àgbà yín bá ti gun básíkù lọ Igbókòdà rí, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ṣéènì bá já, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí. Ẹni tó bá sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ṣéènì básíkù gidi ní Òkìtìpupa, DM mi ṣí sílẹ̀ o.