Jagunjagun Tí Ó Di Kòkòrò: Ìtàn Sanemori ní Ilẹ̀ Jàpáànì

Nínú ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáànì, kòkòrò tí ó dùn ún wò tàbí tí ohùn rẹ̀ dùn ún gbọ́ ni ó máa ń gbayì. Sei Shonagon, obìnrin ààfin tí ó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 1000, ka labalábá, ìrẹ̀ àti tannátanná mọ́ àwọn tí ó wù ú. Ojú ààfin nìyẹn. Àgbẹ̀ tí kòkòrò ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, òun ni a ó sì yẹ̀ wò.

Ojú ogun Shinohara ni Saito Sanemori kú sí ní ọdún 1183. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì re irun funfun orí rẹ̀ ní aró dúdú kí ọ̀tá má baà fojú arúgbó wò ó. Èyí wà nínú Heike Monogatari. Ẹnu àwọn àgbẹ̀ ni a ti gbọ́ ìyókù: pòròpórò ìrẹsì ni ó gbé ẹṣin rẹ̀ ṣubú tí ọ̀tá fi rí i pa, ni ó bá búra pé òun yóò di kòkòrò tí yóò máa jẹ ìrẹsì run. Sanemori-mushi ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Nígbà ooru, wọn a fi koríko ìrẹsì ṣe ère rẹ̀, wọn a tan ìtùfù, wọn a lu ìlù àti agogo, wọn a sì sìn ín dé ààlà abúlé.

Àwọn onímọ̀ kan ní orúkọ ni ó bí ìtàn, nítorí pé ‘sa’ wà nínú ‘sanae’, èyí tí í ṣe ọ̀dọ́ ìrẹsì tí a fẹ́ lọ́. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ikú náà ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ: ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tí ó kú ikú oró lè padà wá dààmú alààyè. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń sin irú wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ní ọdún 1732 kòkòrò run ìrẹsì ìwọ̀-oòrùn Jàpáànì, ìyàn sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn àgbẹ̀ a máa da òróró ẹja àbùùbùtán sójú omi oko, wọn a gbọn kòkòrò sínú rẹ̀. Okura Nagatsune kọ ìwé lórí èyí ní ọdún 1826. Síbẹ̀ wọn kò pa ètò Sanemori tì.

Ní ọdún 1967, a rí ọ̀wọ́ kòkòrò yìí lójú agbami òkun. Ìwádìí fi hàn pé èyí tí ó burú jù nínú wọn kì í la òtútù Jàpáànì já. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e wá lọ́dọọdún láti ìhà Ṣáínà. Àlejò ni àwọn ará abúlé ń sìn dé ààlà láti ìgbà yí wá.